Ilẹ̀ Tí Ó Yí Ilé-Ìwé Ká: Ìtàn Ọgbà Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti Ohun Tí Ponyan Lè Rí Kọ́ Nínú Rẹ̀

Nígbàkígbà tí àwọn òpìtàn bá ń sọ bí ẹ̀kọ́ ìwé ṣe dé ilẹ̀ Yorùbá, ilé ni wọ́n sábà máa ń ròyìn. A mọ̀ pé Thomas Birch Freeman àti àwọn oníwàásù Ìjọ Wẹ́sílì dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1843. A mọ̀ pé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà dìde ní ìlú kan náà ní 1845. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè irú ilẹ̀ tí ó yí àwọn ilé wọ̀nyí ká, igi tí ó wà níbẹ̀ àti ibi tí àwọn ọmọ ti ń sáré, ìwé ìtàn a dákẹ́.

Ọmọ ilé-ìwé kò dákẹ́ ní tirẹ̀. Bi àgbàlagbà kan léèrè ohun tí ó rántí jù nípa ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò ní sọ fún ọ pé òrùlé. Yóò sọ̀rọ̀ igi máńgòrò, yóò sọ̀rọ̀ pápá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó, yóò sì sọ̀rọ̀ koríko tí wọ́n ní kí ó fi àdá ro nítorí pé ó pẹ́ dé. Ilẹ̀ kọ́ ọ ní nǹkan, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ kọ ẹ̀kọ́ náà sínú ìwé iṣẹ́ olùkọ́.

Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ilẹ̀ ilé-ìwé ní ìtàn, àti pé ìtàn náà ni ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa rí bí wọ́n ṣe rí lónìí: ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó gbóná, ó ṣófo. Bí a bá mọ bí ó ṣe di bẹ́ẹ̀, a ó mọ̀ pé títún un ṣe fún eré àti ẹ̀kọ́ kì í ṣe àṣà àjèjì. A ó máa fi Ponyan ṣe àpẹẹrẹ wa, ìlú kan ní ilẹ̀ Yàgbà, láàárín àwọn Yorùbá Òkun, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Yàgbà tí olú rẹ̀ wà ní Ìsánlú, ní Ìpínlẹ̀ Kógí.

Ojúde ni ilé-ìwé àkọ́kọ́

Kí ilé-ìwé tó dé, ojúde agbo ilé ni ọmọ ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta òkòtó, tí wọ́n ń ṣe bojúbojú, tí wọ́n ń fo sùwẹ̀, tí wọ́n sì ń jà ẹkẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ àlọ́ nígbà tí òṣùpá bá yọ. Eré wọ̀nyí kò yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó bá ń ta ayò mọ ohun tí à ń wí: ihò méjìlá ni ọpọ́n ayò ní, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ní í wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn jẹ́ 48. Ọmọ tí kò bá lè ṣírò lọ́kàn, kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan ihò, yóò máa pa òfo ni. Nígbà tí kò bá sí ọpọ́n, àwọn ọmọ a gbẹ́ ihò méjìlá sí ilẹ̀, wọn a sì ṣa òkúta wẹ́wẹ́ dípò ọmọ ayò.

Iṣẹ́ ọwọ́ pàápàá, ojú ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ní ilẹ̀ Bùnú, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìpín Òkun, àwọn obìnrin lókìkí nínú híhun aṣọ lórí òfì tí a nà ró, ọmọbìnrin tí ó bá ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ ni ó ń kọ́ bí a ṣe ń hun ún. Babaláwo fi ìka tẹ odù sórí ìyẹ̀rosùn níṣojú ọmọ awo. Àwọn ọmọ ilé-kéwú jókòó lábẹ́ igi tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú wàláà wọn. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀kọ́ wọ̀nyí tí ó ní kí a fi ògiri yí ọmọ ká kí ó tó lè gbọ́n.

Kí a má ṣe sọ ọ́ bí ẹni pé ayé àtijọ́ kò ní ewu. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun Núpé da ilẹ̀ Òkun láàmú. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rú, ọ̀pọ̀ ìlú sì sá gun orí òkè àti àárín àpáta. Ìgbà tí àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà ní 1897 ni agbára àwọn akónilẹ́rú náà ṣẹ́. Àwọn òbí tí wọ́n bí ọmọ lẹ́yìn ìgbà náà ni ìjọ àti ìjọba wá bá pẹ̀lú ìwé àti agogo. Ọ̀rọ̀ ibi tí ọmọ lè ṣeré láìséwu kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun ní ilẹ̀ Òkun.

Bí ilẹ̀ náà ṣe di ilẹ̀ àṣẹ

Ní 1908 ni Tommy Titcombe, ará Kánádà tí Sudan Interior Mission rán níṣẹ́, dé Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ìjọ, ilé ìwòsàn àti ilé-ìwé ti ń tàn ká agbègbè náà. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ Titcombe College tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ̀ ní 1951. Bí ilé-ìwé ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú wa nìyí: ìlú a fún ìjọ ní ilẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ a ṣán igbó, àwọn obìnrin a pọn omi, wọn a mọ ògiri, wọn a sì ṣe òrùlé. Nítorí náà, ilẹ̀ ilé-ìwé jẹ́ ẹ̀bùn ìlú fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí yóò wúlò fún wa níwájú.

Ṣùgbọ́n ojú tí ilé-ìwé fi wo ilẹ̀ yàtọ̀ sí ojú tí agbo ilé fi wò ó. Ní ilé-ìwé, ìlà ni ọmọ tò sí. Agogo ni ó sọ ìgbà tí ó lè sáré àti ìgbà tí ó gbọ́dọ̀ dúró. Ní 24 Oṣù Karùn-ún ọdọọdún, tí í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní Empire Day nígbà náà, àwọn ọmọ a yan kọjá níwájú aláṣẹ. Pápá tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí kò ní igi láàárín, ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Àwọn olùkọ́ pẹ̀lú ní ìdí tí wọ́n fi fẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ féfé: ejò kì í fara pamọ́ sí ilẹ̀ gbalasa, alábẹ̀wò ilé-ìwé a sì yin ọgbà tí a gbá mọ́. Ìdí wọ̀nyí mọ́gbọ́n wá. Àbájáde wọn ni pé ilẹ̀ tí a ń gbá lójoojúmọ́, tí a sì ń ro títí dé gbòǹgbò, kò ní ohun tí yóò di erùpẹ̀ mú. Òjò a gbé ojú ilẹ̀ lọ, ọ̀gbàrá a la ọgbà já, ìpìlẹ̀ ilé-ìwé a sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn síta.

Kì í ṣe gbogbo ọgbà ni ó rí báyìí. Ẹni tí ó bá ka Aké, ìwé tí Wọlé Ṣóyínká tẹ̀ jáde ní 1981 nípa ìgbà èwe rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, yóò rí ọgbà mìíràn. Bàbá rẹ̀ ni ọ̀gá àgbà ilé-ìwé St. Peter's. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé, ó sì fi dandan lé e pé òun wá kẹ́kọ̀ọ́ ni. Igi eléso wà nínú ọgbà náà. Àpáta kan wà níbẹ̀ tí ọmọ náà sọ ní Jonah, tí ó sì sọ di ibi ìkọ̀kọ̀ rẹ̀. Ẹ kíyè sí i: kò sẹ́ni tí ó kọ́ àpáta yẹn fún eré. Wọ́n kàn fi í sílẹ̀ ni. Ohun tí a fi sílẹ̀ nínú ọgbà lè níye lórí bí ohun tí a kọ́ síbẹ̀.

Oko tí ó di ìyà

Ní 1922, ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes láti Amẹ́ríkà, tí Thomas Jesse Jones jẹ́ olórí rẹ̀, tí James Aggrey ọmọ Gold Coast sì wà lára rẹ̀, tẹ ìròyìn jáde lórí ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ tí ilé-ìwé ń kọ́ni kò bá ìgbésí ayé àwọn ènìyàn mu, pé kí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìmọ́tótó wọ inú rẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìlànà ẹ̀kọ́ tiwọn jáde ní 1925, ó sì fara mọ́ èrò náà. Báyìí ni oko ilé-ìwé ṣe rí ìtìlẹ́yìn ìjọba.

Ní ojú ìwé, èrò rere ni. Ní orí ilẹ̀, ó kọsẹ̀. Òbí tí ó rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé fẹ́ kí ó kúrò lẹ́yìn ọkọ́. Kò fẹ́ kí olùkọ́ tún fi ọkọ́ lé e lọ́wọ́. Àwọn àgbẹ̀ pàápàá mọ iṣẹ́ náà ju olùkọ́ lọ. Ohun tí ó sì ba ọ̀rọ̀ jẹ́ jù ni pé oko àti koríko di ohun ìjìyà. Ọmọ tí ó pariwo, àdá. Ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ọkọ́. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí kọ́ nínú ilẹ̀ ni pé ilẹ̀ jẹ́ ibi tí a ń rán ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ dá ọgbà ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lónìí, ìtàn yìí ni kí ó kọ́kọ́ rántí: ibi tí a fi ń jẹ ọmọ níyà kò lè jẹ́ ibi tí ọmọ yóò fẹ́ràn láti kẹ́kọ̀ọ́.

Nígbà tí ọmọ pọ̀ ju àyè lọ

Ní 17 Oṣù Kìíní 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n tó nǹkan bí 457,000 ní 1954 di ohun tí ó lé ní 811,000 ní 1955. Kò sí ètò tí ó tó o lẹ́wà nínú ìtàn ẹ̀kọ́ wa. Ṣùgbọ́n àwọn Yorùbá Òkun kò sí nínú rẹ̀, nítorí pé lábẹ́ Ìjọba Àríwá ni wọ́n wà. Àwọn ìjọ, àwọn òbí àti àpò ìlú ni ó ń gbé ilé-ìwé wọn ró. Ní 1967 ni wọ́n bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Kwárà, ní 1991 sì ni wọ́n di ara Ìpínlẹ̀ Kógí. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó kárí gbogbo Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹsàn-án 1976, ètò UBE sì tẹ̀lé e ní 1999.

Ní gbogbo ìgbà wọ̀nyí, ìbéèrè kan ni ó gba gbogbo ènìyàn lọ́kàn: yàrá mélòó ni a ní, ọmọ mélòó ni yóò wọ ibẹ̀? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ṣùgbọ́n yàrá kọ̀ọ̀kan tí a kọ́, orí pápá ni a kọ́ ọ sí. Nígbà tí owó bá dé, sìmẹ́ǹtì àti páànù ni ó ń bá lọ, nítorí pé a lè ka yàrá, a lè kọ orúkọ sí ara ògiri rẹ̀, a sì lè ṣí i pẹ̀lú ayẹyẹ. Ta ni yóò ṣe ayẹyẹ fún ibòòji? Díẹ̀díẹ̀ ni ilẹ̀ fi di ohun tí ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ilé ti gba tirẹ̀.

Kòkòrò inú iyanrìn

Síbẹ̀, àwọn kan rántí ilẹ̀. Ní 1965, àwọn olùkọ́ àti onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan pàdé ní Kánò, láti ibẹ̀ sì ni ètò ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀. Wọn kò dúró de ohun èlò láti òkè òkun. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀kọ́ wọn dá lórí kòkòrò kékeré kan tí ó máa ń gbẹ́ ihò bí àrọ sínú iyanrìn gbígbẹ lábẹ́ òrùlé, tí ó ń lúgọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí eèrà já sí i lọ́wọ́. Ọmọ a jókòó ti ihò náà, a bi ara rẹ̀ léèrè: kí ni ó ń jẹ? Kí ni yóò ṣe bí mo bá da ihò náà rú? Ọ̀sán ni ó ń ṣiṣẹ́ ni àbí òru? Olùkọ́ kò dáhùn. Kòkòrò ni yóò dáhùn. Sáyẹ́ǹsì gan-an nìyẹn, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ó gbà ni pé kí a má gbá gbogbo iyanrìn dànù.

Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà wọn ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ fún ọdún mẹ́fà. Wọ́n fi hàn pé ọmọ tí ó fi èdè rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ kò rẹ̀yìn. Ó tilẹ̀ ṣe dáadáa nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan ọgbà ilé-ìwé rèé: èdè ń fẹ́ ohun tí a ó máa sọ ọ́ lé lórí. Bí ọmọ kò bá rí igi irú, báwo ni orúkọ rẹ̀ yóò ṣe dúró sí i lẹ́nu? Bí ó bá jẹ́ pé “igi” ni gbogbo igi ń jẹ́, tí “ẹyẹ” sì ni gbogbo ẹyẹ ń jẹ́, èdè ti ń kú lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Fún ọmọ Ponyan, ọ̀rọ̀ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yàgbà ni a ń sọ nílé, Yorùbá àjùmọ̀lò ni ó wà nínú ìwé, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ṣe ìdánwò. Ọgbà ilé-ìwé ni ibi tí ẹ̀ka èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè pàdé lábẹ́ igi kan ṣoṣo.

Ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe

Onímọ̀ ọgbà kan, Carl Theodor Sørensen, rí i pé àwọn ọmọ Copenhagen fẹ́ràn láti fi pákó àti àlòkù nǹkan ṣeré ju ibi ìṣeré tí a kọ́ fún wọn lọ. Ní 1943, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún wọn ní Emdrup, wọ́n kó pákó, bíríkì àti àlòkù síbẹ̀, àwọn ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé tiwọn. Ọmọ Yorùbá tí ó fi agolo ṣe ọkọ̀, tí ó sì ń yí táyà lójú ọ̀nà, mọ ọgbọ́n yẹn tipẹ́. Ní Berkeley ní Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Robin Moore àti àwọn ará ilé-ìwé Washington hú ọ̀dà tí ó bo ọgbà wọn, wọ́n gbin igi, wọ́n sì gbẹ́ adágún omi kékeré. Ibẹ̀ di ibi ẹ̀kọ́ fún gbogbo kíláàsì.

Èyí tí ó sún mọ́ wa jù wà ní Gando ní Burkina Faso. Francis Kéré, ọmọ ìlú náà, fi amọ̀ kọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó parí ní 2001. Àwọn ará ìlú ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n gbé òrùlé sókè kúrò lórí àjà kí atẹ́gùn lè máa gba àárín kọjá. Ó gba ẹ̀bùn Aga Khan ní 2004, ó sì gba ẹ̀bùn Pritzker ní 2022. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún wa kò ju èyí lọ: ohun èlò ìlú àti ọwọ́ àwọn ará ìlú tó láti bẹ̀rẹ̀.

Bí a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ponyan

Kí olùkọ́ àti àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún àti kẹfà kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ kan wo ilẹ̀. Kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀: ibi tí oòrùn ń pa láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, ibi tí omi òjò ń gbà, ibi tí àwọn kékeré ń sá sí nígbà tí àwọn àgbà bá gba pápá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀kọ́ ilẹ̀ ayé ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, kí a pín ọgbà sí ọ̀nà púpọ̀. Kí pápá ìsáré wà, nítorí ọmọ gbọ́dọ̀ sáré. Kí ibòòji wà pẹ̀lú òkúta tí a tò fún ìjókòó; òkúta kò wọ́n wa ní ilẹ̀ Yàgbà. Kí igun kan ní iyanrìn fún gbígbẹ́ àti fún ayò. Kí a to òkúta dí ojú ọ̀gbàrá, kí a sì jẹ́ kí koríko hù sí etí rẹ̀. Kí a gbin máńgòrò, igi irú, àti igi emi tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, sí ìhà ìwọ̀-oòrùn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ má ba à wọlé. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni kí a gbìn wọ́n.

Nígbà tí igi bá dàgbà, a lè fi òjìji wọn ìwọ̀n rẹ̀. Bí ọ̀pá mítà kan bá ní òjìji mítà méjì, tí òjìji igi sì jẹ́ mítà méjìlá ní àkókò kan náà, igi náà ga ní mítà mẹ́fà. Ọmọ tí ó bá ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan kò ní béèrè mọ́ ohun tí ìṣirò wúlò fún.

Ìṣòro ń bẹ, kí a má tàn ara wa. Ewúrẹ́ yóò jẹ igi tí a kò fi ẹ̀gún tàbí ọparun ṣọgbà yí ká. Iná igbó a máa jó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìsinmi gígùn a máa dé, kò sì sí ẹni tí yóò bomi rin nǹkan, àyàfi bí Ẹgbẹ́ Òbí àti Olùkọ́ bá pín in láàárín ara wọn gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe ọ̀wẹ̀. Ìbẹ̀rù ajínigbé ti mú kí àwọn òbí fẹ́ kí ọmọ wà nínú ilé. Ìdí nìyẹn tí igi fi gbọ́dọ̀ wà ní àyè rẹ̀, tí olùkọ́ yóò lè rí gbogbo ọgbà láti ẹnu ọ̀nà. Ìṣòro mìíràn kò pariwo: ilẹ̀ tí ó dà bí ẹni pé kò wúlò ni àwọn ènìyàn ń gé jẹ. Ilẹ̀ tí ọmọ ń lò, tí igi rẹ̀ ní orúkọ, tí ìwọ̀n rẹ̀ wà nínú ìwé, ó ṣòro láti jí.

Àwọn kan yóò ní eré yóò gba àkókò ìdánwò. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 dá wọn lóhùn: ìsinmi àti eré jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ, kì í ṣe ẹ̀bùn olùkọ́. Ìtàn náà dá wọn lóhùn. Àwọn baba wa tí wọ́n fi ihò ayò kọ́ ìṣirò kò ka eré sí ọ̀tá ọgbọ́n.

Ìjọba lè kọ́ ilé, ó sì yẹ kí ó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ lójoojúmọ́ ni ó lè tún un ṣe, nítorí pé ìlú ni ó ni ín kí ilé-ìwé tó ni ín. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a mú àdá kúrò lára ohun ìjìyà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ kan rèé fún yín: ẹ ka gbogbo igi tí ó wà nínú ọgbà ilé-ìwé yín, kí ẹ sì bi àwọn àgbà ìlú yín léèrè orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí igi tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀ mọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ìtàn ìlú yín ni ẹ ń kọ.